Ọmọ Ọlọ

Àtẹ̀gùn ni mo ń gùn, atẹ́gùn ló ń gùn mí.
Mo ka àtẹ̀gùn dé ọ̀ọ́dúnrún, orúnkún mi ní kí n fi ìṣirò sílẹ̀.
Akínmọlàdún, ọdẹ tó ń ṣíwájú mi, kò tilẹ̀ mí hẹlẹ.
Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀!
Ó ní, "Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, mọ́tò ti jẹ yín lẹ́sẹ̀ tán."
Mi ò dá a lóhùn.
Èémí tí ǹ bá fi fèsì
ni mo fi gun àtẹ̀gùn mẹ́rin sí i.

Gààrí wà nínú àpò mi, ẹ̀pà wà níbẹ̀,
tọ́ọ̀ṣì tí í tàn nígbà tó bá wù ú,
àti òkúta kan, dídán, kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ.
Ọdẹ gbé àpò náà wò: "Ta ní í ru òkúta gun òkè Ìdànrè?"
Ọmọ ọlọ ni.
Ìyá ìyá mi, Adébọmi, ló gbé e sọ̀ kalẹ̀
nígbà tí ìlú ń ṣí kúrò lókè, tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà ní kékeré.
Ìyá ọlọ ò ṣeé gbé, ara àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí.
"Ihò mẹ́ta ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà wa," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí,
"a kọjú sí àpáta kan tó dà bí ìyá tó pọnmọ.
Èyí tó kéré jù ni tèmi."

Lálẹ́, a sùn sẹ́bàá ògiri tí kò lórùlé mọ́,
ìràwọ̀ ló fi ṣe páànù.
Nǹkan kan ké nínú igbó bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn,
igbe náà ń ga, ó ń ga, ó já lókè tente.
Mo di apá ọdẹ mú. Ó rẹ́rìn-ín.
"Òwàwà ni. Kò ju ológbò lọ.
Ohun tó bá kéré ló ń pariwo, kí òru má baà gbàgbé rẹ̀."

Ọjọ́ kejì, kùrukùru bo ìsàlẹ̀,
nígbà tó ká, Òdòdé yọ, páànù rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀wà
tí wọ́n dà sáàárín ewé kòkó.
Ìjímèrè mẹ́jọ jókòó sórí ẹ̀ka, wọ́n ń wò wá
bí onílé ṣe ń wo ayálégbé tó jẹ owó oṣù mẹ́ta.
Ní ààfin àtijọ́, ojú ère kan ti jẹ, ẹnu rẹ̀ ṣì kù.
Ilé ẹjọ́ rèé, igi hù láàárín rẹ̀.
Ta ní ń bá ta rojọ́?
Alángbá ni adájọ́, ó ń mi orí sí tẹlẹ́jọ́, ó ń mi orí sí tolùpẹ̀jọ́.

Mo wá àpáta tó pọnmọ.
Gbogbo àpáta ló pọnmọ.
Ọdẹ ní, "Ẹni tó bá wá síbí, ìyá rẹ̀ ló ń rí."

Ọjọ́ kẹta, nígbà tí oòrùn ti ń ta wá lẹ́yìn ọrùn,
mo gbá ewé kúrò lójú àpáta kan, mo rí ihò ọlọ.
Méjì.
Mo gbá ewé sí i, mo fi èékánná ha eruku: méjì náà ni.
Bóyá ilé wa kọ́.
Mo da ẹ̀pà sínú èyí tó kéré, mo kúnlẹ̀,
mo gbé ọmọ lé ìyá lórí.
Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu.
Ìró rẹ̀ ń lọ wùrù, wùrù, orúnkún mi gbàgbé ìrora rẹ̀,
èjìká mi mọ nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ.

A lá ẹ̀pà náà lórí ìka. Iyanrìn wà nínú rẹ̀.
Akínmọlàdún ní, "Ṣé ẹ ó fi òkúta yín sílẹ̀?"
Mo nù ún mọ́ ìró mi, mo dá a padà sínú àpò.
Ó ní, "Ó dáa. Ẹ rù ú sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà o,
èmi ò ní í bá yín rù ú."

Òjò ti ń ṣú níhà Àkúrẹ́.
Bí mo ṣe wẹ̀yìn, òwàwà kan ti yọ látinú pàlàpálá,
ó ń lá ihò náà,
kò bìkítà ọmọ ẹni tó jẹ́.